Kí Ojú Tó Rí Ọjà: Ìfọkàntán nínú Kárà-kátà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Lábẹ́ Òfin Ìsìláàmù

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn Mùsùlùmí àti àwọn oníṣòwò Papalanto, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ewékorò, Ìpínlẹ̀ Ògùn

 

Ìbéèrè tí ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí ni pé báwo ni Mùsùlùmí ṣe lè fọkàn balẹ̀ rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì tẹ òfin ẹ̀sìn rẹ̀ lójú. N ó kọ́kọ́ sọ ìdáhùn mi, kí ẹni tó bá ní ibi tó ń lọ má baà lọ lófo. Òfin Ìsìláàmù kò sọ fún òǹrajà rí pé kó kàn fọkàn tán òǹtajà. Ẹ̀tọ́ ló fi lé òǹrajà lọ́wọ́, ó sì di ẹrù àlàyé lé òǹtajà lórí. Ibi tí ẹ̀tọ́ àti àlàyé bá ti pàdé ni ìfọkàntán ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí fóònù wa lónìí, òdì kejì rẹ̀ ni.

Ẹ ṣí WhatsApp tàbí Instagram yín wò. Orúkọ Lárúbáwá ni wọ́n sọ ilé ìtajà, ẹni tó ni ín wọ híjáàbù nínú àwòrán, sálámà ni wọ́n fi ń kí oníbàárà. Ẹ wá ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀: ọjà tí a bá ti gbowó rẹ̀, a kì í gbà á padà, a kì í dá owó padà. Sálámà wà lókè, wọ́n sì ti fagi lé ẹ̀tọ́ tí Ṣàríà fún òǹrajà nísàlẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ọ́ kò ní èrò ibi lọ́kàn. Wọ́n rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni àwọn náà fi kọ ọ́. Síbẹ̀ ó ń bà mí nínú jẹ́, nítorí ẹni tí wọ́n bá fi orúkọ ẹ̀sìn rẹ́ jẹ, kì í ṣe ilé ìtajà kan ṣoṣo ló máa ń sá fún. Gbogbo wa ni yóò máa fura sí.

Ìlú yìí mọ ọjà. Oríta ni Papalanto: ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ wá sí Abẹ́òkúta yóò gba ibí kọjá, ọ̀nà Ìlaró yà níbí, ọ̀nà Ṣágámù náà yà níbí. Láti 1960 tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ọkọ̀ akẹ́rù kò ti jẹ́ kí títì wa sinmi. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn ní ibùdókọ̀ níbí pẹ̀lú, èyí tí wọ́n fi sọrí Olufunmilayo Ransome-Kuti. Láyé àtijọ́, ojúkojú ni gbogbo kárà-kátà oríta yìí. Ìyá tó ń ta gàrí á jẹ́ kí o bù díẹ̀ sẹ́nu kí o tó dúnàá dúrà, o sì mọ ibi tí wàá ti rí i lọ́la bí gàrí náà bá kan jù. Lónìí, wébíìlì ló ń dé sí gáréèjì. Láílọ́ọ̀nù dúdú ni wọ́n fi di ẹrù, orúkọ rẹ àti nọ́ńbà fóònù rẹ ni wọ́n fi báírò kọ sára rẹ̀. Awakọ̀ á pè ọ́, wàá sanwó ọkọ̀, wàá gbé ẹrù. O kò mọ ojú ẹni tó tà á fún ọ, o kò mọ ilé rẹ̀, owó rẹ sì ti dé ọwọ́ rẹ̀ láti ìjẹta.

Jumia àti Konga, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2012, ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ mọ irú ọjà yìí. Wọ́n tètè mọ ohun tó ń bà wá lẹ́rù, wọ́n sì gbà kí a máa sanwó nígbà tí ẹrù bá dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyẹn ló fa ọ̀pọ̀ èèyàn wọlé. Ṣùgbọ́n ọmọdébìnrin tó ń ta jálàbíà lórí WhatsApp, tí owó òwò rẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà lọ, kò lè gbé ọjà fún èèyàn mẹ́wàá kó tó gbowó. Ọ̀rọ̀ irú wọn ni mo bá wá.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Mẹ̀dínà láyé àtijọ́, kí a wo bí wọ́n ṣe ń ra ohun tí ojú kò rí. Ọ̀nà òfin Ìmáàmù Málíkì, ẹni tó kú ní 795, ni àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀. Nínú ìwé rẹ̀, Muwatta, orí kan wà lórí títa ọjà pẹ̀lú barnāmaj, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú ẹrù. Oníṣòwò á kó bélì aṣọ dé láti ọ̀nà jíjìn. Kò ní tú u. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni yóò kà sétí àwọn òǹrajà: irú aṣọ báyìí, iye báyìí, bó ṣe gùn tó, bó ṣe fẹ̀ tó. Wọ́n á rà á láì fojú kàn án. Bí wọ́n bá wá tú bélì náà tí wọ́n rò pé owó tí àwọn san ti pọ̀ jù, tí wọ́n sì kábàámọ̀, Málíkì ní ọjà ti dúró, bí ohun tó wà nínú bélì bá ti bá àkọsílẹ̀ mu. Ó ní ohun tí ará Mẹ̀dínà ń ṣe láàárín ara wọn nìyẹn, wọn kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ní tòsí ibẹ̀ nínú ìwé kan náà, ó ní a kò gbọ́dọ̀ ta aṣọ tó wà ní kíká nínú àpò rẹ̀, tí òǹrajà kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Aṣọ ni méjèèjì. Kò sí èyí tí òǹrajà rí nínú wọn. Ọ̀kan ní àlàyé, èkejì kò ní: ohun tó sọ ọ̀kan di hálálì tó sì sọ èkejì di títa ohun àìmọ̀ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé rírajà láì rí i jẹ́ ohun tí òyìnbó kó dé, tí òfin wa kò ní ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ní oṣù Kẹta 1990, àpérò àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù àgbáyé ní Jeddah fọwọ́ sí i pé àdéhùn ọjà tí a fi ìwé tàbí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ṣe láàárín àwọn tí kò sí níbì kan náà dúró ṣinṣin, kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé ilẹ̀ wa rárá.

Kí wá ni àlàyé tó péye? Ẹ bá mi dé ọjà àdìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Obìnrin tó mọ àdìrẹ kì í fi ojú lásán rà á. Yóò yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Yóò fi ìka ra á, yóò gbóòórùn rẹ̀. Yóò wá ibi tí ọwọ́ aládìrẹ ti yẹ̀ díẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ kì í bára mu délẹ̀. Ẹ̀rọ ló lè tẹ ọ̀ṣọ́ kan náà láti etí aṣọ dé etí kejì láì yẹ̀. Fóònù ti gba gbogbo èyí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tí fóònù gé kúrò yìí, ẹnu òǹtajà ló gbọ́dọ̀ fi dípò rẹ̀: ṣé ẹlẹ́kọ ni tàbí oníko, ṣé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, irú aṣọ wo ni, ọ̀pá mélòó ni, ṣé yóò ṣí bí a bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Títa aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Pípè é ní àdìrẹ Ẹ̀gbá ni ẹ̀ṣẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ti gbé ojú ọjà àdìrẹ kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti ọ̀la.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé, “Èmi kò parọ́, àwòrán ni mo gbé síbẹ̀.” Ẹ gbọ́ ohun tí Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ nípa àgùntàn àti ràkúnmí. Ó kọ̀ fún ẹni tó fẹ́ tà á láti dá wàrà dúró sí i lọ́mú fún ọjọ́ díẹ̀, kí ọmú lè wú, kí òǹrajà lè rò pé ẹran oníwàrà ni. Ẹni tó bá ti rà á bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti fún wàrà rẹ̀, ló ní àṣàyàn: kó mú un bẹ́ẹ̀, tàbí kó dá a padà pẹ̀lú òṣùwọ̀n sáà kan èso dàbínù. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó ta ẹran yìí kò la ẹnu parọ́ kankan. Ọmú ẹran ló ní kó bá òun parọ́.

Àwòrán híjáàbù tí a fi fóònù tún ṣe títí àwọ̀ rẹ̀ fi yí padà, ọmú tí a dá wàrà dúró sí ni. Kaftáànì tí a jí àwòrán rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń rán an ní Tọ́kì, tí a sì fi ń ta èyí tí a rán ládùúgbò, bákan náà ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ti àwọn ọ̀rẹ́ tí a ní kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ọjà pé àwọn ti rà á, ó dára gan-an, nígbà tí wọn kò ra ohunkóhun. Ìyẹn ni nájáṣì, tí Ànábì kọ̀: kí ẹni tí kò fẹ́ rajà máa fi owó lé e kí ẹlòmíràn lè kó sí i. Owó ni wọ́n fi ń ṣe é nígbà náà. Ọ̀rọ̀ ìyìn àti ìràwọ̀ márùn-ún ni wọ́n fi ń ṣe é báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí gbólóhùn “a kì í gbà á padà” yẹn, nítorí òun ló bí mi nínú jù.

Ọkùnrin kan wà láyé Ànábì tí wọ́n máa ń rẹ́ jẹ nínú ọjà. Habbān ọmọ Munqidh ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ pè é. Ànábì kò fi ṣe ẹlẹ́yà pé ojú rẹ̀ kò dá. Ó kọ́ ọ ní ohun tí yóò máa sọ bó bá ń rajà, pé kò gbọ́dọ̀ sí ẹ̀tàn, ìròyìn mìíràn sì sọ pé ó fún un ní ọjọ́ mẹ́ta láti fi yẹ ọjà wò. Lórí bóyá òǹtajà àti òǹrajà lè yí ọkàn padà kí wọ́n tó tú ká, ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò. Málíkì fúnra rẹ̀ gba hàdíìsì kan wá lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ṣiṣẹ́, ó ní kò ní ààlà tó dájú. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ta ló mọ ìgbà tí ẹni méjì tú ká lórí WhatsApp? Ohun tó wúlò fún wa jù lọ́dọ̀ Málíkì ni àṣàyàn tí a fi sínú àdéhùn, tí gígùn rẹ̀ ń bá irú ọjà lọ: ilé lè gba nǹkan bí oṣù kan, aṣọ àti ẹran ọ̀sìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ti àléébù, ìtàn kan wà nínú Muwatta tó yẹ kí gbogbo òǹtajà mọ̀. Abdullah ọmọ Umar ta ẹrú kan ní 800 dírámù, wọ́n sì jọ ṣàdéhùn pé kò ní sí ọ̀rọ̀ àléébù mọ́ lẹ́yìn títà. Ẹni tó rà á padà wá, ó ní àìsàn kan wà lára ẹrú náà tí wọn kò sọ fún òun. Ọ̀rọ̀ dé iwájú Kàlífà Uthman. Uthman kò wo àdéhùn yẹn. Ó ní kí Abdullah búra pé òun kò mọ̀ nípa àìsàn yẹn nígbà tí òun ń tà á. Abdullah kọ̀ láti búra, ó sì gba ẹrú rẹ̀ padà. Sàhábà Ànábì ni, ọmọ Kàlífà Umar ni, gbólóhùn àdéhùn kò sì gbà á sílẹ̀. Báwo ni gbólóhùn tí a kọ sísàlẹ̀ àwòrán yóò ṣe wá gba ẹni tó mọ̀ pé bátìrì fóònù tí òun ń tà kì í lo wákàtí méjì?

Òfin ilẹ̀ wa náà kò sí lẹ́yìn irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òfin ààbò òǹrajà tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2019, tó gbé àjọ FCCPC kalẹ̀, fún òǹrajà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ohun tí kò bá àlàyé mu padà. Ó tún ní bí ọjà bá jẹ́ àlòkù, kí òǹtajà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ta tòkunbọ̀ bíi tuntun ti rú òfin ìjọba, ó ti rú ti Ọlọ́hun.

Ọ̀rọ̀ tó kàn lè dun àwọn ọ̀dọ́ wa. Púpọ̀ nínú yín kò ní ọjà. Ẹ rí àwòrán lórí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp ẹlòmíràn, ẹ fi ẹgbẹ̀rún méjì lé owó rẹ̀, ẹ gbé e sórí tiyín. Ìgbà tí oníbàárà bá sanwó tán ni ẹ tó lọ rà á. Hakīm ọmọ Hizām bi Ànábì nípa irú èyí gan-an: èèyàn á wá bá mi ra ohun tí n kò ní, ṣé kí n tà á fún un kí n tó lọ rà á lọ́jà? Ànábì ní kó má ta ohun tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó tún kọ̀ fún wa láti jẹ èrè ohun tí ewu rẹ̀ kò sí lọ́rùn wa. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀: bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ọjà, tó ní ó ti tán, tàbí tí owó ti gòkè, irọ́ ló kàn.

Ọ̀nà àbáyọ wà, àwọn ìyá wa sì mọ̀ ọ́n kí a tó bí wa. Ẹ ṣe alárobọ̀. Ẹ sọ ọ́ gbangba pé ọjà ẹlòmíràn ni, èmi ni mo ń bá a tà á, iye báyìí sì ni owó iṣẹ́ mi lọ́dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ aṣojú ni Ṣàríà pe ìyẹn, hálálì ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọjà tí ẹ fẹ́ kó láti Ṣáínà ni, tí àwọn èèyàn ń dáwó ṣáájú, ọ̀nà sálámù, ìyẹn sísan owó ọjà ṣáájú, ṣí sílẹ̀. Ànábì bá a lọ́wọ́ ará Mẹ̀dínà, tí wọ́n ń san owó èso ní ọdún kan tàbí méjì ṣáájú, kò sì pa á rẹ́. Ó ní kí òṣùwọ̀n, ìwọ̀n àti ọjọ́ rẹ̀ dájú ni. “Ó máa dé láìpẹ́” kì í ṣe ọjọ́. Ṣùgbọ́n kí a yọ góòlù sẹ́yìn: owó àti góòlù gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹ̀gbà ọrùn góòlù tí a sanwó rẹ̀ lónìí tó dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kò tọ́.

Ọjà Iléyá ni gbogbo èyí ti máa ń pàdé. Ẹ ti rí wọn: àgbò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ya àwòrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, wọ́n kọ iye rẹ̀ sábẹ́. Hàdíìsì al-Barāʼ ọmọ ʻĀzib ka ẹran mẹ́rin tí a kò lè fi ṣe Iléyá: èyí tí ojú rẹ̀ kan fọ́ kedere, èyí tí àìsàn rẹ̀ hàn, èyí tó ń tiro kedere, àti èyí tó rù títí tí kò fi ní mùdùnmúdùn nínú egungun. Èwo ni àwòrán ẹ̀gbẹ́ kan lè fi hàn wá nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Kí ẹni tó ń tà á fi fídíò ránṣẹ́. Kí àgbò rìn lọ, kó rìn bọ̀. Kí ó kọjú sí wa kí a rí ojú méjèèjì. Kí ẹnìkan la ẹnu rẹ̀ kí a wo eyín rẹ̀, kó sì fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí àgbò bá kú lọ́nà kó tó dé Papalanto, ní ọ̀nà Málíkì, ẹni tó fi àlàyé ta ẹran tí kò sí níwájú wa ni àdánù náà já lé. Ọjọ́ mẹ́ta sì ni pípa ẹran Iléyá lọ́dọ̀ Málíkì, 10 sí 12 Dhul-Hijja. Àgbò tó bá dé lọ́jọ́ kẹrin, ẹran ọbẹ̀ ló dé, ẹ̀bi ẹni tó dá ọjọ́ tí kò pa á mọ́ sì ni.

Ẹ̀yin òǹrajà náà, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Àláàtì ayédèrú tí a fi ń gbé ọjà lọ, olè ni. Ẹni tó ní kí wọ́n gbé ẹrù wá, tí ọlọ́kadà ti Abẹ́òkúta gùn ún dé, tó wá pa fóònù rẹ̀, ti jẹ owó epo ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ sì rántí bélì Mẹ̀dínà: bí ọjà bá bá àlàyé mu, pé ẹ rí èyí tó dínwó níbòmíràn kò fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà, àfi bí ẹ bá ti fi àṣàyàn sínú àdéhùn. Ẹni tó wọ jálàbíà lọ síbi wàlímọ̀, tó fọ̀ ọ́, tó wá ní kò bá òun mu, mo bẹ̀ ẹ́, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un.

Kí ni mo ń fẹ́ kí a ṣe ní Papalanto? Kí ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí yan èèyàn díẹ̀: àáfáà tó mọ òfin kárà-kátà, ìyá kan láti inú ọjà, ọ̀dọ́ kan tó mọ fóònù dáadáa. Kí òǹtajà tó bá fẹ́ wá fọwọ́ sí àdéhùn olójú ewé kan: àlàyé tó péye, àwòrán ọjà gan-an, ọjọ́ mẹ́ta láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìjà bá dé, kí wọ́n gbé e wá síbẹ̀ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ orí fóònù wọn; kò sí áyà tó gùn nínú Kùránì ju èyí tó ní kí a kọ gbèsè sílẹ̀ kí a sì wá ẹlẹ́rìí sí i. Èyí kò ṣòro ju agbára wa lọ. Ní Ìbàdàn, ìgbìmọ̀ Ṣàríà tí kì í ṣe ti ìjọba ti ń parí ìjà láàárín àwọn Mùsùlùmí láti 2002, àwọn tó gbà láti wá ni wọ́n sì ń wá.

Kí ẹ kọ owó ìdápadà sínú ìwé àdéhùn yẹn pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọjà kò bá bá àlàyé mu, òǹtajà ni yóò san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Bí ó bá bá a mu, tó jẹ́ pé ọkàn òǹrajà ló yí padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, òun ni yóò san án. Mo ti kọ ẹ̀dà àdéhùn náà ní Yorùbá, ó wà lọ́wọ́ Lèmọ́mù. Ẹ kà á, ẹ sọ ibi tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, kí a sì tún un ṣe kí àwọn alágbò tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán jáde fún Iléyá tó ń bọ̀.